Oró kímò lára mùdùnmúdùn eegun: ohun tó ń dáàbò bo ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní Ìbàdàn

Ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ló mọ ẹnì kan, nínú ẹbí tàbí ládùúgbò, tó ti gba kímòtẹ́rápì, èyí tí àwọn aláìsàn fúnra wọn ń pè ní kímò. Wọ́n mọ̀ pé irun orí máa ń re, pé èébì máa ń gbé ènìyàn, pé oúnjẹ kì í wu ni í jẹ, àwọn nǹkan wọ̀nyí sì ni ẹbí máa ń múra sílẹ̀ fún. Ohun tí ojú kò rí ni iṣẹ́ tí oògùn náà ń ṣe nínú eegun, níbi tí mùdùnmúdùn ti ń pèsè ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ewu ńlá wà, nítorí pé nígbà tí mùdùnmúdùn bá rẹ̀wẹ̀sì, kòkòrò àrùn tí ara ìbá ti borí fúnra rẹ̀ lè gba ẹ̀mí ènìyàn láàrin wákàtí díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe lè dáàbò bo mùdùnmúdùn yìí tún gbilẹ̀ láàrin àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ láti ìgbà tí FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí oògùn tuntun kan fún un ní oṣù Kejì ọdún 2021. A ó dé orí oògùn náà. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ àlàyé yìí ni pé mo gbà gbọ́ pé ààbò tó wúlò jù fún ẹni tó ń gba kímò ní Ìbàdàn kò sí nínú oògùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ó wà nínú kíka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ní àsìkò rẹ̀, nínú tẹmómítà tí owó rẹ̀ kò pọ̀, àti nínú kí aláìsàn tètè dé ibi tí wọ́n ti lè fún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò. Níbi tí àwọn wọ̀nyí kò bá sí, oògùn tó wọ́n jù lọ láyé kò lè ṣe púpọ̀.

Iṣẹ́ tí mùdùnmúdùn ń ṣe, àti ìdí tí kímò fi ń ṣe é léṣe

Mùdùnmúdùn ni ohun rírọ̀ tó wà nínú ihò eegun. Lára àgbàlagbà, èyí tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ wà ní pàtàkì nínú eegun ìbàdí, eegun ẹ̀yìn, eegun ìhà àti eegun igbá àyà. Níbẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wà, àwọn tí James Till àti Ernest McCulloch fi ìwádìí wọn hàn ní ìlú Toronto ní 1961. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń pín, wọ́n ń pọ̀ sí i, àwọn tó ti ara wọn jáde sì ń di sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri, platelet tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́, àti sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Ọjọ́ ayé wọn kò dọ́gba rárá. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, platelet ń lo ọjọ́ 7 sí 10, ṣùgbọ́n neutrophil, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó sì ń kọ́kọ́ kojú bakitéríà, kì í sábà lò ju bí ọjọ́ kan lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí mùdùnmúdùn kì í fi í sinmi tọ̀sán-tòru. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dúró, neutrophil ni yóò kọ́kọ́ tán, platelet yóò tẹ̀ lé e, àìtó sẹ́ẹ̀lì pupa yóò sì máa hàn díẹ̀díẹ̀ bí aláìsàn ṣe ń gba kímò kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ọ̀pọ̀ oògùn kímò ló ń gbógun ti sẹ́ẹ̀lì nígbà tó bá fẹ́ pín sí méjì. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń pín láìdáwọ́ dúró, oògùn sì ń bá a níbẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn náà ń pín bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà ní gbòǹgbò irun àti inú ẹnu náà sì ń pín. Oògùn náà kò mọ èwo ni ọ̀tá, èwo ni ti onílé.

Ohun kan nínú ìtàn oògùn wọ̀nyí tó yẹ kí á fi sọ́kàn ni pé wọ́n ti mọ oró wọn lára mùdùnmúdùn kí wọ́n tó di oògùn rárá. Ní 1919, Edward Krumbhaar àti Helen Krumbhaar kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ àti mùdùnmúdùn àwọn tí gáàsì mọ́sítádì ṣe lọ́ṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní: sẹ́ẹ̀lì funfun wọn ti wálẹ̀ púpọ̀púpọ̀, mùdùnmúdùn wọn sì ti gbẹ. Ní 1942, Louis Goodman àti Alfred Gilman ní Yunifásítì Yale mú nitrogen mustard, tó bá gáàsì náà tan, wọ́n sì dán an wò gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú lára aláìsàn tó ní lymphoma. Agbára tó ń pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni wọ́n fẹ́ lò, nítorí pé lymphoma fúnra rẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì funfun. Cyclophosphamide, tí wọ́n ṣì ń fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú títí dòní, wá láti inú ìdílé kẹ́míkà kan náà. Nítorí náà, ìpalára tí a ń sọ yìí kì í ṣe àṣìṣe tó ṣèèṣì wọ inú oògùn. Agbára tó ń wo ènìyàn sàn àti agbára tó ń pa á lára kò ṣeé yà sọ́tọ̀ pátápátá, ohun tí àwọn oníṣègùn sì ti ń wá láti ọjọ́ yẹn ni bí ọwọ́ oògùn yóò ṣe fúyẹ́ lára mùdùnmúdùn láì fúyẹ́ lára jẹjẹrẹ.

Ìbàdàn ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ilé ìwòsàn UCH tó ṣílẹ̀kùn ní 1957 di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi oògùn wo jẹjẹrẹ Burkitt, tó máa ń wú ní àgbọ̀n àwọn ọmọdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960, wà lára àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Lasker, ẹ̀bùn ńlá fún àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ní 1972 nítorí iṣẹ́ ìtọ́jú náà.

Ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹrìnlá

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oògùn kímò, neutrophil máa ń wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá láàrin ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹrìnlá, lẹ́yìn náà ni mùdùnmúdùn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè rẹ̀, tí òǹkà yóò sì ti sún mọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá fi máa pé. Ìdí pàtàkì tí wọ́n fi ń fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kímò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta nìyẹn. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí èyí túmọ̀ sí fún aláìsàn: ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́, tó ń bì, tí gbogbo ẹbí dúró tì í, kọ́ ni ọjọ́ tí ewu pọ̀ jù. Ewu náà pọ̀ jù nígbà tó ti padà sílé, tí ara rẹ̀ ti ń yá, tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ti padà sí ẹnu iṣẹ́ wọn, bóyá ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tó jìnnà sí dókítà tó mọ ìtàn rẹ̀.

Òǹkà neutrophil ni wọ́n fi ń mọ bí ewu ṣe tó. Bó bá ti kéré sí 500 nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín, ara kò ní ọmọ ogun mọ́. Láti 1966 ni Gerald Bodey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti fi hàn lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pé bí òǹkà yìí bá ṣe kéré sí, tó sì pẹ́ tó nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àkóràn ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kòkòrò tó ń pa aláìsàn lára kò wá láti òde rárá. Inú ìfun àti ojú awọ ara rẹ̀ ló ti ń gbé láti ìgbà pípẹ́, tí neutrophil ń ṣọ́ ọ, àfìgbà tí kò sí ẹ̀ṣọ́ mọ́ ló wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Nítorí pé neutrophil ló máa ń mú kí ojú egbò wú, kó pupa, kó sì ní ọyún, ẹni tí neutrophil rẹ̀ ti tán lè ní àkóràn tó le gan-an láìsí ọyún, láìsí wíwú, kódà láìsí ikọ́ tó ṣe gúnmọ́. Ara gbígbóná nìkan ló lè jẹ́ àmì. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣègùn ń lò ni ìgbóná ara tó dé 38.3 lórí òṣùwọ̀n Celsius lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí tó dé 38.0 tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń gba kímò, ohun tí ìlànà ìtọ́jú ń béèrè ni pé kí abẹ́rẹ́ apakòkòrò ti wọ inú iṣan rẹ̀ láàrin wákàtí kan tó bá dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n má ṣe dúró de èsì àyẹ̀wò.

Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, bí ara bá gbóná, ibà ni. Bẹ́ẹ̀ ni a ti tọ́ gbogbo wa, kò sì burú, torí pé ibà ẹ̀fọn ló sábà máa ń jẹ́. Ènìyàn á lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní Mọ̀níyà tàbí ní Àpáta, wọ́n á po oògùn ibà àti parasitamọ́ọ̀lù fún un, á sì sùn di ọjọ́ kejì. Fún ẹni tó wà ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn kímò, ọjọ́ kejì lè pẹ́ jù. Parasitamọ́ọ̀lù yóò mú ìgbóná wálẹ̀ láì fọwọ́ kan bakitéríà tó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, aláìsàn yóò rò pé ara ti fúyẹ́, títí tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi já wálẹ̀ lójijì. Ó dára kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ibà náà ní ilé ìwòsàn, nítorí pé àwọn méjèèjì lè wà pọ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tó bá fi ibà hàn kò sọ pé bakitéríà kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń gba kímò yẹ kó ní tẹmómítà tirẹ̀, kó wọn ara rẹ̀ kó tó lo parasitamọ́ọ̀lù, kó sì rántí pé èyí tí a fi sí abẹ́ abíyá sábà máa ń fi òǹkà tó kéré díẹ̀ ju ti ẹnu lọ hàn. Kò yẹ kí wọ́n ki tẹmómítà tàbí ohunkóhun mìíràn bọ ihò ìdí rẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n fún un ní rọ́bà tí àwọn ìyá wa máa ń fi fọ ìfun, nítorí pé ojú ọgbẹ́ kékeré níbẹ̀ tó láti jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún kòkòrò. Kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, kó tó kúrò ní ọgbà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tó gba kímò, nọ́ńbà tí òun lè pè lóru àti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ilé òun jù tó ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò. Kó gba ìwé kékeré tó kọ orúkọ oògùn àti ọjọ́ tó gbà á. Bó bá sì dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka pàjáwìrì pẹ̀lú ara gbígbóná, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ tàbí lẹ́nu ẹni tó gbé e wá ni pé, “Ó ń gba kímò, ara rẹ̀ sì gbóná.” Kì í ṣe àìbọ̀wọ̀ fún àwọn tó ti wà lórí ìlà. Ẹni tí wọ́n kò bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún lè rò pé ibà lásán ló gbé e wá, kó sì ní kó jókòó.

Àwọn oògùn kan tún wà tí a ń rà lọ́jà láìsí ìwé dókítà tó jẹ́ pé mùdùnmúdùn gan-an ni wọ́n ń bá fà á. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé chloramphenicol, tí àwọn kan ṣì ń lò fún táífọ́ọ̀dù, máa ń ṣe mùdùnmúdùn léṣe. Septrin lè mú òǹkà sẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ sí i, pàápàá lára ẹni tó ń lo methotrexate, tí òun náà jẹ́ oògùn kímò. Àwọn oògùn ìrora bí ibuprofen náà kò dára pẹ̀lú methotrexate tí wọ́n bá fún ènìyàn ní ìwọ̀n ńlá, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí kíndìnrín tètè gbé e jáde, bó bá sì ṣe pẹ́ tó lára, bẹ́ẹ̀ ni oró rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Ní ti àgbo, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú kí ẹbí gbé e wá. Ṣùgbọ́n omi àgbo tí wọn kò sè dáadáa, tàbí tó ti wà nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan, lè gbé kòkòrò wọ ìfun ẹni tí kò ní neutrophil, àwọn ewé kan sì ń bá ẹ̀dọ̀ jà lákòókò tí ẹ̀dọ̀ ń sapá láti palẹ̀ kímò mọ́. Omi ewé ugu tútù àti móòtì tí wọ́n po mọ́ mílíìkì kò lè dá mùdùnmúdùn tí kímò ti ṣe lọ́ṣẹ́ padà. Ẹni tí kò ní irin tó nínú ara lè jèrè nínú ewé ugu, àmọ́ kó jẹ́ èyí tí a fọ̀ tí a sì sè. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá wálẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà sí ènìyàn lára, bí platelet bá sì wálẹ̀ dé 10,000, wọ́n sábà máa ń fa platelet síi kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà nínú orí tàbí nínú ìfun. Platelet kò ṣeé tọ́jú pẹ́, nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún péré ni, nítorí náà àwọn tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹbí yẹ kí wọ́n ti mọra wọn kí ọ̀rọ̀ tó di kánjúkánjú.

Abẹ́rẹ́ tó ń jí mùdùnmúdùn

Ní àwọn ọdún 1960, Donald Metcalf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne, ní Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn pé kó pọ̀ sí i. Wọ́n rí i pé ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, ó sì ju oríṣi kan lọ. Èyí tó ń mú neutrophil pọ̀ ni wọ́n ń pè ní G-CSF. Ní 1986 ni wọ́n rí àbùdá rẹ̀ mú, tí wọ́n fi lè máa ṣe é nínú bakitéríà, FDA sì fọwọ́ sí i ní 1991 pẹ̀lú orúkọ filgrastim. Nínú ìwádìí tí Jeffrey Crawford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún yẹn lórí àwọn tó ní oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan, ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ náà ni ara wọn gbóná nígbà tí neutrophil wọn ti wálẹ̀, àmọ́ ìdá 40 ni láàrin àwọn tó gbà á. Ẹ wo òǹkà méjèèjì náà dáadáa. Ìrànwọ́ ńlá ni, síbẹ̀ ìdá 40 nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ni ara wọn ṣì gbóná. Ẹni tó ti gba filgrastim kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ ju tẹmómítà nù.

Wọn kì í fún gbogbo ènìyàn. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé ni pé bí oríṣi kímò tí aláìsàn fẹ́ gbà bá jẹ́ èyí tí ó lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbà á ni ara wọn máa ń gbóná nígbà tí neutrophil wọn bá wálẹ̀, kí wọ́n fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá wà láàrin ìdá 10 sí 20, wọ́n ń wo ọjọ́ orí àti àwọn àìsàn mìíràn tó wà lára rẹ̀. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn kímò ni ó yá jù tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọn kì í fún ènìyàn ní ọjọ́ tó gba kímò gan-an, nítorí pé yóò jí sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn kí wọ́n máa pín nígbà tí oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gún un fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó ń pẹ́ lára, pegfilgrastim, tí FDA fọwọ́ sí ní 2002, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni lẹ́yìn kímò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ tó gbà á máa ń ní ìrora nínú eegun ìbàdí àti ẹ̀yìn. Mo fẹ́ kí àwọn aláìsàn mọ èyí ṣáájú, nítorí pé ìbẹ̀rù pé jẹjẹrẹ ti wọ eegun máa ń gba oorun lójú ènìyàn, nígbà tó jẹ́ pé mùdùnmúdùn tó ń ṣiṣẹ́ ló ń fa ìrora náà.

Ìdí mìíràn wà tí abẹ́rẹ́ yìí fi ṣe pàtàkì ju dídènà ara gbígbóná yìí lọ. Bí neutrophil bá kéré lọ́jọ́ tó yẹ kí aláìsàn gba kímò tó kàn, dókítà lè sún un síwájú tàbí kó dín ìwọ̀n oògùn kù. Lẹ́ẹ̀kan kò burú. Ṣùgbọ́n ní 1995, Gianni Bonadonna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Milan gbé èsì ogún ọdún jáde lórí àwọn obìnrin tí wọ́n gba kímò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú, èsì náà sì fi hàn pé àwọn tó gba ó kéré tán ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tó yẹ wọ́n ló jèrè jù. Mùdùnmúdùn tí kò lè fara dà á lè tipa bẹ́ẹ̀ fún jẹjẹrẹ láyè.

Àwọn tí jẹ́nótáìpù wọn jẹ́ SS tàbí SC gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí ẹnikẹ́ni tó gún wọn ní filgrastim. Abẹ́rẹ́ náà ti dá ìrora ńlá sílẹ̀ lára àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ó sì ti já sí ikú fún àwọn kan nínú wọn. Àwọn tó ṣe oògùn náà kọ ìkìlọ̀ yìí sínú ìwé rẹ̀. Nílùú tí kò sí agboolé tí ẹ kò ti ní rí ẹni tó ní AS, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba abẹ́rẹ́ yìí láìjẹ́ pé wọ́n ti mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ dájú.

Filgrastim ti wà nínú ìwé oògùn kòṣeémánìí ti àjọ ìlera àgbáyé láti 2015. Láti 2008 ni wọ́n ti fọwọ́ sí ẹ̀dà rẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe ní Yúróòpù, àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí, tó fi mọ́ èyí tó ń wá láti Íńdíà, ló sì mú kí ó dín owó díẹ̀. Síbẹ̀ ó ṣì ń ni ẹni tó ń san owó ìtọ́jú láti inú àpò ara rẹ̀ lára gan-an. Ìṣòro kejì ni ti òtútù: oògùn yìí gbọ́dọ̀ wà láàrin ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín. Nílùú tí iná kì í dúró, ẹ má ṣe rà á níbi tí wọn kò ti ní fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ gidi. Ẹ fi kúlà gbé e, kí aṣọ tàbí bébà wà láàrin òun àti yìnyín.

Oògùn tó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró

Orúkọ oògùn tuntun tí mo dárúkọ lókè ni trilaciclib. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Filgrastim ń jí mùdùnmúdùn lẹ́yìn tí kímò ti ṣe é léṣe, ṣùgbọ́n trilaciclib ń wọlé ṣáájú. Wọ́n ń fà á sínú iṣan fún ìṣẹ́jú 30, láàrin wákàtí mẹ́rin kí kímò tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń dí àwọn èròjà méjì kan, CDK4 àti CDK6, tí sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn nílò kó tó lè pín. Sẹ́ẹ̀lì tí kò pín kò sí lójú ọ̀nà kímò. Bí oògùn bá kúrò lára, sẹ́ẹ̀lì yóò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹwà ọ̀nà yìí ni pé ó ń dáàbò bo oríṣi sẹ́ẹ̀lì ju ẹyọ kan lọ, nígbà tó jẹ́ pé neutrophil nìkan ni filgrastim ń pèsè.

Ṣùgbọ́n kí ni kò ní jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà dúró bíi ti mùdùnmúdùn, kí ó sì sá mọ́ kímò lọ́wọ́? Ìdí nìyẹn tí FDA fi fọwọ́ sí i fún oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo, small cell, tó bá ti tàn kálẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí sábà máa ń pàdánù RB, àbùdá tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ CDK4 àti CDK6, nítorí náà ó ń pín lọ bí ẹni pé kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n dán an wò fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá, mùdùnmúdùn rí ààbò lóòótọ́, àmọ́ jẹjẹrẹ àwọn tó gbà á kò fi bẹ́ẹ̀ sún kì tó ti àwọn tí kò gbà á, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì dá ìwádìí náà dúró ní 2023. Ní 2024, ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ń pè ní triple negative, tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn obìnrin Nàìjíríà ju ti ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ, kò fi hàn pé ó mú ẹ̀mí gùn. Mo kọ èyí nítorí àwọn ẹbí tó lè rí orúkọ oògùn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n sì fẹ́ ta ilẹ̀ láti rà á wá láti òkè òkun. Jẹjẹrẹ ọmú, ti ọrùn ilé ọmọ àti ti prostate tó ń mú ọkùnrin ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, oògùn náà kò sì ní àṣẹ fún èyíkéyìí nínú wọn.

Òǹkà ta ni a fi ń wọn ara wa?

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo rò pé a kò tíì sọ tó ní Ìbàdàn. Ìwé tí ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò ń lò sọ pé neutrophil tó kéré sí 1,500 ti kéré jù, ọ̀pọ̀ ìlànà kímò sì sọ pé kí wọ́n má fún ènìyàn ní oògùn bó bá kéré sí iye náà. Ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti rí òǹkà yìí. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kò ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní Duffy lójú sẹ́ẹ̀lì pupa wọn. Louis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1976 pé àìsí àmì yìí ló ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ oríṣi ibà tí Plasmodium vivax ń fà. Ní 2009 ni ìwádìí mìíràn wá fi hàn pé ohun kan náà ló mú kí neutrophil ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú kéré nínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe pé mùdùnmúdùn wọn ń ṣàìsàn, wọn kì í sì í ní àkóràn ju àwọn mìíràn lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà lára wọn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sínú síríńjì.

Fún ẹni tó ń gba kímò, àbájáde rẹ̀ kò kéré. Obìnrin kan tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 1,300 láti kékeré lè wá sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí mùdùnmúdùn rẹ̀ ti sàn pátápátá, kí wọ́n sì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì tó, kó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n lè dín oògùn rẹ̀ kù, tàbí kí wọ́n ní kó ra filgrastim tí kò nílò. Àwọn ìwádìí oògùn tuntun náà sì lè lé e sẹ́yìn nítorí òǹkà yìí, èyí tó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ fi ń bèèrè ní ọdún àìpẹ́ yìí pé kí wọ́n yí ìlànà náà padà. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé láti 1998 ni ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ọmú ti ń lọ ní Ìbàdàn pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, a sì ní àwọn tó lè sọ òǹkà tó bá ara wa mu.

Kò túmọ̀ sí pé kí a máa fojú kéré neutrophil tó wálẹ̀ lẹ́yìn kímò. Ibi tó bá ti kéré sí 500, pẹ̀lú ara gbígbóná, ewu ni fún ẹnikẹ́ni láìka ti Duffy sí. Ohun tí aláìsàn lè ṣe ni kó rí i dájú pé wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó gba kímò àkọ́kọ́, kó sì wá ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ tó bá ti ṣe rí, ì báà jẹ́ ti ìgbà oyún tàbí ti ìgbà tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Kó tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan, kó máa gbé e lọ sí gbogbo ilé ìwòsàn tó bá dé. Dókítà tó bá rí i pé òǹkà náà ti wà bẹ́ẹ̀ ṣáájú àìsàn lè ṣe ìpinnu tó yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò rí ohunkóhun fi wé, nítorí pé tí kímò bá ti wọ ara lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro púpọ̀ láti mọ iye tí aláìsàn náà ní tẹ́lẹ̀.